Wàrà Pupa Létí Títì Felele

Ohun àkọ́kọ́ tó dà mí láàmú ní Lọ́kọ́ja ni pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, mi ò sì gbọ́. Láti Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, màá gbọ́ tàwọn aládùúgbò. Àfi bí ọkọ Àǹtí mi ṣe jáde sí ẹnu ọ̀nà tó ní, "Ọ̀kun o! Ọ̀kun o!" tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń pè. Ó tún fi èdè Yàgbà wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ ń dún létí mi bí ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò wọlé. Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ń kí ẹ ni. Dá a lóhùn pé ọ̀kun."

Mo ní ọ̀kun. Ọkùnrin náà gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ Àgànyìn yìí máa mọ̀ ọ́n."

Àgànyìn! Mi ò tíì wọlé jókòó. Nílé, àwọn Fọ̀n ló ń pè wá ní Nàgó, tí wọ́n ń wò wá bíi pé ará Nàìjíríà tó ṣìnà wá sí ilẹ̀ àwọn ni wá. Mo wá dé Nàìjíríà tán, wọ́n ní ará Kùtọnu ni mí. Mo bínú lọ́jọ́ náà, inú náà sì pẹ́ kó tó rọ̀. Mo máa ń bi ara mi pé ibo gan-an ni wọ́n ti máa wò mí tí wọ́n á ní, èyí, tiwa ni.

Ilé Àǹtí mi wà ní Lokongoma, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń jáde láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n á tún padà nírọ̀lẹ́ wá tan ẹ̀rọ amúnáwá. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí mi yìí. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ ará Yàgbà, tó sì di ará Lọ́kọ́ja. Òun ló ní kí n wá kàwé lọ́dọ̀ òun, pé yunifásítì ò jìnnà sílé, pé Gẹ̀ẹ́sì á là mí lójú. Kò sọ nǹkan kan nípa ooru. Odò Ọya wà nísàlẹ̀, òkè wà lẹ́yìn, ooru há sáàárín, àwa náà sì há sí i.

Ara mi kì í balẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá ti kíláàsì dé, màá tún jáde. Màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Old Market láìní ohun tí mo fẹ́ rà, màá wo odò, màá wo àwọn tó ń já ẹja sílẹ̀ látinú ọkọ̀, màá padà. Bí mo bá padà tán, á tún ń ṣe mí bíi kí n lọ. Àǹtí mi a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ kì í gbélé rárá." Ilé tí ẹsẹ̀ mi ì bá gbé gan-an ni mi ò mọ̀.

Ní yunifásítì, ojú ni mo fi gbọ́ ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń wo ẹnu olùkọ́, mo ń wo pátákó, mo ń wo ojú àwọn tó jókòó tì mí láti mọ ìgbà tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Ígálà, ọmọ Ébìrà, ọmọ Núpé, gbogbo wọn ń fi Píjìn dá ara wọn lóhùn, èmi á sì ti máa fi Faransé ronú lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi Píjìn ṣẹ̀fẹ̀ tí gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, mo sá lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ sunkún. Ayọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ohun yòówù kó wá kà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá òwò ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, olùkọ́ náà gbé ike ńlá wá, ó da oríṣiríṣi nǹkan sí i, ó ní ká máa rò ó. Bí gbogbo wa ṣe di aṣe-ọṣẹ-olómi nìyẹn. Ọṣẹ olómi la gbé lọ síbi ìpàtẹ ọjà tí wọ́n ṣe fún wa, tábìlì kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀rẹ́ mi ra tèmi, mo ra tiẹ̀, a jọ gbé ọṣẹ wa padà sílé. Ilé ìdáná Àǹtí mi kún fún un. Ọkọ rẹ̀ ní òun ti fi fọ mọ́tò òun débi pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti fẹ́ máa ṣí.

Wọ́n fún mi ní máàkì tó dáa lórí ọṣẹ yẹn. Máàkì náà ló tún wá bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀rù yẹn nídìí. Màámi ní Ṣábẹ, ẹ̀bá títì tí àwọn bọ́ọ̀sì ń gbà lọ sí Paraku ló ń jókòó sí, wàgàsì ló ń tà. Wàrà ni wàgàsì. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é ní funfun. Màámi á rà á lọ́wọ́ wọn, á sè é nínú omi ewé ọkà bàbà gbígbẹ tí à ń pè ní pòròpòrò, títí tó máa fi pọ́n. Bó bá ti pọ́n, tí èèyàn ń tún un sè lóòrèkóòrè, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró, Màámi á gbé àwo sórí, á sáré dé ojú fèrèsé, á ké pé, "Á bá yín délé! Á bá yín délé!" Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyá mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa. Pòròpòrò ti mu ún wọlé, ọṣẹ ò ràn án.

"Ọwọ́ tìrẹ ò ní pọ́n," ohun tó máa ń wí fún mi nìyẹn láti kékeré. Àdúrà rẹ̀ lórí mi ni.

Ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bó bá ti dé láti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á bi mí bóyá mo jẹun, bóyá mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á kan Kùtọnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, nílé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní etíkun. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti ṣèlérí pé bí mo bá gboyè, tí mo gbọ́ Faransé tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun á fi mí sí búròò, ìyẹn ọ́fíìsì wọn.

"Búròò tí ẹ̀rọ amúlétutù wà," Màámi á ní. "Kò sí eruku, kò sí iná. Tó o bá délé, òórùn lọ́fínńdà ni wọ́n á gbọ́ lára ẹ."

Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Mo ti dé búròò yẹn rí. Mo rí àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ọ̀gá kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni nǹkan tèmi, tí mi ò ní máa retí pé kẹ́nì kan fi mí síbì kan. Ní Lọ́kọ́ja níbí ni mo sì fẹ́ ẹ, nínú ooru yìí, láàárín àwọn tó ń pè mí ní Àgànyìn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan náà. Ọṣẹ olómi nìkan ni mo mọ̀, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Bí mi ò bá rí i kí n tó parí ẹ̀kọ́, Kùtọnu ni mò ń lọ, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti wọ ibẹ̀, mi ò ní jáde mọ́.

Nígbà tí a dé kíláàsì ìkẹyìn, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ òwò náà fún obìnrin kan tó wá láti Kàbbà. Màmá Òwò la sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Yorùbá á já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ Ígálà á máa bèèrè pé, "Mama, wetin you talk?" Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó wo gbogbo wa yí ká.

"Ẹni tó bá gbé ọṣẹ olómi wá síwájú mi, òun ló máa mu ún."

A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ ta nǹkan. Mi ò bèèrè èrè, mi ò fẹ́ ìwé tẹ́ ẹ kọ. Ẹ mú ẹnì kan wá fún mi tó ra ọjà yín, tó lọ, tó tún padà wá rà á. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ kíláàsì yìí. Ẹni tó padà wá, òun ni máàkì yín."

Ẹnì kan béèrè pé tẹ́ni náà bá kọ̀ láti wá sí yunifásítì ńkọ́. Ó ní, "Tó o bá wúlò fún un, á wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Gbogbo ẹni tó ti ra nǹkan lọ́wọ́ mi rí, ojú àánú ni wọ́n fi rà á. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà rìn kiri láti Lokongoma dé Old Market, mò ń wo ọwọ́ àwọn èèyàn, ohun tí wọ́n gbé, ohun tí wọ́n ń wá tí wọn ò rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Felele, nítòsí yunifásítì, mo rí àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú igbá lórí. Wàrà ló wà níbẹ̀, funfun, nínú omi rẹ̀. Mo dúró gbagidi. Ó ṣe mí bíi pé mo rí ará ilé níbi tí mi ò retí rẹ̀. Mo rà á, mi ò dé kíláàsì lọ́jọ́ náà, mo padà wọ kẹ̀kẹ́ lọ wá pòròpòrò.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Old Market. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ títí. Bó ṣe fẹ́ sú mi ni mo rí i lórí ẹní mọ́là kan tó ń ta egbòogi, wọ́n dì í nídìí-nídìí. "Karan dafi," ó ní. "E dey give blood." Oògùn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ló pè é. Èmi ní mo fẹ́ fi se wàrà. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ fi àgbo fọ aṣọ.

Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí mi ni mo ti sè é. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba afẹ́fẹ́, Àǹtí mi jáde láti yàrá, omi ti kún ojú rẹ̀. "Yée! Ilé wa rèé!" Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu nítorí gbígbóná. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó wò mí.

"Màmá ẹ mọ̀?"

"Ẹ̀kọ́ ni, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n sọ fún un."

Mo ní màá sọ, bí mo bá ti rí ẹni tó padà wá.

Alhaja kan wà ní Old Market tó ń ta àwo àti ìkòkò. Ìlọrin làwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí i sí. Ó ti máa ń rí mi tí mò ń rìn kiri, ó sì fún mi láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àwo, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Kí lèyí?"

"Wàrà ni, Alhaja."

"Ọmọ Ìlọrin ni mí o. Àwa la ni wàrà. Funfun ni wàrà. Ta ló kun èyí lọ́dà?"

"Pupa yìí ló ń jẹ́ kó pẹ́, Alhaja. Kì í bàjẹ́."

"Kí ló fẹ́ pẹ́ dé? Àárọ̀ ni wọ́n ń gbé wàrà wá, à ń rà á, à ń jẹ ẹ́, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀la, kó dúró di ọ̀la."

Ó rà díẹ̀ ṣáá, nítorí ojú mi ni. Àwọn tó ń kọjá ò ní ojú ẹnì kankan tí wọ́n ń wò. "Abeg, na meat?" "Na blood dem put?" Obìnrin kan tiẹ̀ dúró, ó ti gbọ́ òórùn pòròpòrò, ó ń bi mí bóyá aláboyún lè lò ó, ìgbà mélòó ló máa lò ó lójúmọ́. Mo ní oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò fẹ́. Àwọn kan rà á kí wọ́n fi wò bó ṣe rí lẹ́nu. Mi ò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Mo wá ní kí n ta funfun bíi tiwọn. Ooru Lọ́kọ́ja ti mú un kan kí oòrùn tó yẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo sì dúró níbi tí mo dà á sí, inú ń bí mi sí ara mi.

Nínú ìbínú yẹn ni mo sọ fún Màámi. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, á sọ ohun tí mo ṣì ṣe fún mi.

"Wàgàsì?" ó ní.

"Olùkọ́ wa ló ní ká ta nǹkan, Màámi."

"Olùkọ́ yín ní Nàìjíríà ló ní kó o máa ta wàgàsì?"

"Kò dárúkọ wàgàsì. Èmi ni mo yàn án. Màámi, ó ṣe mí bíi pé tí mo bá lè rí i tà dáadáa níbí, mi ò ní..."

"O ò ní kí ni?"

Mo ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ta wàgàsì kí ìwọ má baà tà á. Gbogbo eruku tí mo jẹ, nítorí ẹ ni. O wá rìn títí lọ dé Lọ́kọ́ja, o lọ jókòó sídìí ohun tí mo ní kó o sá fún."

Ó pa fóònù. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò pè. Mo pè é, ó ń dún, kò gbé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀.

Kí n tó kúrò nílé, mo rò pé ọ̀nà jíjìn ló ń ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀nà jíjìn ò ṣe èmi àti Màámi ní nǹkan kan, fóònù ń gbé wa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo gbé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ló yà wá. Bí mo bá ta ọṣẹ olómi títí ayé, kò ní bínú. Mo wà ní Lọ́kọ́ja, wọn ò fẹ́ wàrà mi nítorí ó jọ tilé. Màámi wà nílé, kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi nítorí wàrà kan náà. Mo sunkún, mo bínú, mo tún jáde lọ rìn.

Wàrà tó kù wà lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń dúró de kẹ̀kẹ́ létí títì ní Felele. Ọ̀nà Abuja nìyẹn. Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ìhà gúúsù máa ń dúró níbẹ̀ kí àwọn èrò lè na ẹsẹ̀. Ọ̀kan dúró níwájú mi. Ìyá kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ń wá ohun tó máa gbé lọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín bá a. Ó mi orí.

"Á ti bàjẹ́ kí n tó dé."

Mo gbọ́ ọ, etí mi hó. Inú bọ́ọ̀sì tó wà níwájú mi àti inú bọ́ọ̀sì Paraku di ọ̀kan náà lójú mi. Ẹ̀yin èèyàn! Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Kò sọ́jọ́ kan tí Màámi gbé wàgàsì pupa lọ bá ará ìlú Ṣábẹ. Funfun làwa náà ń jẹ nílé! Ẹni tó ń rìnrìn àjò la ń pọ́n ọn fún. Èmi ọmọ rẹ̀, tí mo ti kàwé nípa ọjà, mo gbé e lọ fún àwọn tí kò lọ síbì kankan.

Ẹsẹ̀ mi ti sáré kí n tó mọ̀. Mo gbé àwo sórí, mo dé ojú fèrèsé.

"Á bá yín délé! Mà, á bá yín délé! E go reach house with you!"

Ohùn Màámi ló jáde lẹ́nu mi. Ìyá náà béèrè bóyá lóòótọ́ ni. Mo ní bó bá bàjẹ́ kó tó dé, kó gbé mi ṣépè. Ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Àwọn tó jókòó tì í rà á. Awakọ̀ náà, Ébìrà kan tó ń jẹ́ Onimisi, na ọwọ́ sẹ́yìn lórí àga rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ wò ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi Old Market sílẹ̀. Bí mo bá ti jáde ní kíláàsì, Felele ni mò ń dúró sí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké e ní Hausa, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí awakọ̀ kí ó lè dúró pẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lọ́kàn mi ṣá. Arìnrìn-àjò a máa lọ ni. Ta ni nínú wọn ló máa padà wá?

Onimisi ló padà wá. Ó dúró lójú títì, ó ń fun fèrè, ó ń pariwo, "Àgànyìn! Where my red something?" Ìyàwó rẹ̀ lọ́hùn-ún ní Abuja ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní èwo ni pupa. Nígbà tó rí i pé ó wà bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́, ó sè é sínú ọbẹ̀. "Now na she send me," ó ní. Mo fẹ́ẹ̀ gbá a mọ́ra lójú títì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá Òwò fún un. Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Me? Enter university?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn kan mú ìyàwó olórí ìjọ wọn wá, Màmá Òwò lé wọn padà. Ó kàn mí, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà nígbà tí fèrè bọ́ọ̀sì dún lórí pápá ìta. Onimisi wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó kí gbogbo wa bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò kún ọkọ̀ rẹ̀ lóde, wọ́n ń pariwo pé kí ló gbé wọn dé ilé ìwé.

Màmá Òwò bi í pé kí ló dé tó fi padà wá rà á.

"Madam, e no spoil."

"Ìyẹn nìkan?"

Onimisi wò ó bíi pé kò gbọ́ ìbéèrè. "Madam, for this road, wetin no dey spoil?"

Kíláàsì dàrú pẹ̀lú ẹ̀rín. Màmá Òwò pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Kí ó tó sọ pé ká jókòó, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gbé ṣin-ṣín àti bàtà wọn sáré bá àwọn èrò ọkọ̀ lóde. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé ọṣẹ olómi. Àwa mẹ́ta la kù nínú yàrá náà. Màmá Òwò sún mọ́ mi.

"Ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan yìí?"

"Màámi ni, mà."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé ó ṣeun."

Mi ò lè sọ fún un pé Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi kan, mo gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi. Mo ní, "Màámi, olùkọ́ mi ní kí n kí yín, ó ní ẹ ṣeun. Létí títì ni mo ti ń tà á báyìí, bíi tiyín, pòròpòrò tí wọ́n ń tà ní oògùn ni mo fi ń sè é, ariwo yín ni mò ń pa. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sí Kùtọnu. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kó fi ọmọ ẹlòmíì síbẹ̀. Ibí ni mo wà." Mo rí i lórí fóònù pé ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Ó ti ṣe díẹ̀ sẹ́yìn báyìí. Mo ti ní àtíbàbà kan ní Felele, àwọn obìnrin Fúlàní tí mo kọ́kọ́ rí sì ń gbé wàrà wá fún mi láràárọ̀. Màmá Òwò máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá, wọ́n á dúró sínú oòrùn, á ní kí wọ́n wo ẹni tó ń rà á kí wọ́n tó wo ohun tí mò ń tà. Wàrà Àgànyìn làwọn awakọ̀ ń pè é. Orúkọ tó ń dùn mí nígbà kan ni wọ́n fi ń wá mi rí. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ jáde rìn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mò ń padà sí.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni fóònù mi dún. Màámi ni, ó fẹ́ rí ojú mi lórí fídíò. Ó jókòó sídìí títì nínú gèlè Máàsì rẹ̀, ó ti rù díẹ̀. Kò kí mi, kò béèrè bóyá mo jẹun.

"Jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ."

"Màámi..."

"Mo ní jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ."

Mo gbé fóònù ti ìkòkò, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó wò wọ́n títí, bọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tún lọ, kò yíjú wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pupa tirẹ̀ nù ún.

"Kò tíì pọ́n dáadáa," ó ní. "Pòròpòrò tí wọ́n ń tà ní oògùn yẹn, eruku máa ń wà lára ẹ̀. Ṣé o máa ń fọ̀ ọ́ kó o tó rẹ ẹ́?"